Ìpín Ọkọ̀ Lórí Yìnyín

Ìwọ tí o mú ìwé yìí dání, bí ẹnikẹ́ni nínú ilé rẹ bá ń múra ìrìn àjò, gbé e kalẹ̀ ná. Mo kìlọ̀ fún ọ. Kì í ṣe pé mo fẹ́ dẹ́rù bà ọ́. Ẹ̀rù ti ba èmi tán, ìyẹn náà tó. Jẹ́ kí onítọ̀hún lọ, kí ó dé, kí ẹ jọ jẹun tán, kí o tó wá kà á.

Ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. Ó dáa. Èmi ti wí tèmi.

Súmọ́nù ni orúkọ mi. Apẹja ni mí, etí ọ̀sà níbí ni wọ́n bí mi sí. Ìwé tí mo kà kò jìnnà, ibi tí mo bá ti kọ ọ́ tí kò tọ́, ẹ bá mi tọ́ ọ. Ọmọ wa obìnrin, Nímọ̀, wà ní Kánádà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, oyún rẹ̀ sì ti wọ oṣù rẹ̀. Ìyá rẹ̀, ìyẹn ìyàwó mi, ni yóò lọ bá a wẹ ọmọ. Wọ́n ti fún un ní físà. Gbogbo ènìyàn ń yọ̀. Èmi náà ń yọ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà ládùúgbò wa tó lọ wẹ ọmọ lọ́hùn-ún. Ọmọ tó lọ wẹ̀ ti ń lọ sílé ìwé báyìí, kò tíì dé. Mi ò dárúkọ. Ọkọ rẹ̀ ló ń tẹ ẹ̀bà ara rẹ̀.

Ohun tó fa àlá náà ni pé ọkọ Nímọ̀ fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí fóònù. Ó jókòó sórí omi. Mo ní ó jókòó sórí omi! Wọ́n ní omi náà ti dì, ó ti di yìnyín. Ó lu ihò sí i, ó ń fi ìwọ̀ pẹja nínú ihò náà. Nǹkan kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí àpótí, pákó gígùn pẹlẹbẹ méjì wà lábẹ́ rẹ̀, orí wọn tẹ̀ sókè. Ó ní òun fúnra òun ni òun kàn án, ìyẹn ni òun fi ń wọ́ ẹrù ìpẹja lórí yìnyín. Mi ò mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é. Èmi ń pè é ní àwọ́lẹ̀. Ìyá Nímọ̀ wo fọ́tò náà títí. Ó ní, "Ibẹ̀ mà dùn ún wò o." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sùn.

Àlá tí mo lá lóru àná nìyí.

Mo jí. Ẹ mọ̀ pé ènìyàn lè jí nínú àlá. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ sétídò láti lọ wo ọkọ̀ mi, mo wá rí i pé ọ̀sà ti dì. Láti ẹsẹ̀ mi títí dé ibi tí ojú mi mọ, funfun báláú. Kò yà mí lẹ́nu. Ohun tí mo kàn rò ni pé, áà, abájọ tí àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ò fi ké.

Jìmọ́, ẹni tí a jọ ń pẹja, jókòó sórí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó ń bó ọsàn.

Ó ní, "Súmọ́nù, ìyàwó ẹ wà láàrin."

"Láàrin kí ni?"

"Láàrin ọ̀sà. Wò ó lọ́hùn-ún."

Mo wò. Mo rí nǹkan kan tó kéré bí kóró ẹ̀pà. Ìyá Nímọ̀ ni. Mo mọ gèlè rẹ̀.

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Ó ti lu ihò. Ibi tó dáa ni, ibi tí ẹja ń gbà. Ìwọ náà mọ bó ṣe rí: ẹni tó bá lu ihò ló ni ín, níwọ̀n ìgbà tí nǹkan rẹ̀ bá ṣì wà nínú ẹ̀. Kò mú ohun ìpẹja kankan dání, ló bá ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́."

"Ẹsẹ̀!"

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún. Tó ò bá kó ẹrù ìpẹja débẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, ihò yẹn á pa dé mọ́ ẹsẹ̀ náà, kò sì ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó di ará ibẹ̀ nìyẹn." Ó jẹ ọsàn rẹ̀. "Gbogbo ìlú ló ti gbọ́. Ìwọ nìkan lò ń sùn."

Mo sáré dé ìdí ọkọ̀ mi. Ó ti lẹ̀ mọ́ yìnyín. Mo fà á. Ọkọ̀ náà ní kí n jọ̀wọ́ òun, láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣiṣẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnikẹ́ni yóò di òun mú bí ẹni tó fẹ́ràn òun. Mo fi í sílẹ̀.

Mo padà sílé lọ wá pákó tí n ó fi kan àwọ́lẹ̀. Kò sí pákó kankan nílé àfi ti ibùsùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú pákó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Tọ̀tún ni ẹ̀gbẹ́ ibi tí Ìyá Nímọ̀ ń sùn sí, tòsì ni tèmi. Bí mo ṣe ń yọ ìṣó, tọ̀tún lanu.

"Ṣé o ti tọrọ wa lọ́wọ́ ẹni tó ni wá?"

"Ṣé èmi kọ́ ni mo ni yín ni?"

"Ìwọ kàn ń sùn lórí wa ni."

Òótọ́ ni. Òwò ẹja yíyan ni Ìyá Nímọ̀ fi ra ibùsùn náà. Mo ní kó má bínú, mo sì ń yọ ìṣó mi lọ.

A mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ pákó níbí. Iná lábẹ́, omi gbígbóná lórí, sùúrù láàrin. Pákó ọ̀tún tẹ̀ wẹ́rẹ́, orí rẹ̀ ká sókè bí ó ṣe rí nínú fọ́tò. Tòsì kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun ò lọ síbi tí òun ò mọ̀.

Mo ní, "Èmi náà ò fẹ́ lọ."

Mo tún da omi gbígbóná sí i. Nígbà tó yá, ó tẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbọ̀n. Mo kan àpótí aṣọ mi lé àwọn méjèèjì lórí.

Ibí yìí ni mo ti ṣàṣìṣe. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Láti kékeré mi, ohunkóhun tí mo bá fi pákó kàn, tó bá ti máa lọ sójú ọ̀sà, mo gbọ́dọ̀ dí àlàfo rẹ̀. Ọwọ́ mi ò mọ ọ̀nà mìíràn. Mo mú òwú, mo ń fi ọ̀bẹ tì í bọ àárín pákó, mo ń fi ọ̀dà gbígbóná kùn ún lórí.

Jìmọ́ ti wá dúró sí mi lẹ́yìn. Mi ò gbọ́ ìrìn rẹ̀.

"Kí lò ń dí?"

"Àlàfo."

"Omi dà?"

"Omi wà lábẹ́."

"Lábẹ́ yìnyín! Ìwọ sì ń gba orí rẹ̀ lọ. Ṣé yìnyín ló máa jò wọlé ni? Súmọ́nù, tí wọ́n bá ní kó o kan àga ìjókòó, wàá dí i ni!"

"Ọkọ̀ tí a ò dí, ta ló ń wọ̀ ọ́?"

"Ẹ wá gbọ́ o! Ó pè é lọ́kọ̀!" Jìmọ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ẹ̀rín náà kò tíì tán nígbà tí àwọ́lẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ jọ ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

"Ẹ ṣé o. Mo ti ń rò ó látàárọ̀ pé kí ni mí. Mi ò mọ̀ bóyá ibùsùn ni mí ni tàbí àpótí. Nísinsìnyí mo ti mọ̀. Ọkọ̀ ni mí."

"Kò burú," ni mo wí.

Jìmọ́ dìde. Ó wojú mi. "O ti gbà fún un nìyẹn. Ṣé o rántí pé ọkọ̀ ní ìpín?"

Ẹni tí kì í ṣe ará etídò lè má mọ̀ ọ́n. Bí a bá ti ojú ọ̀sà dé, pípín là ń pín ohun tí a bá kó bọ̀. Ẹni tó pa á gba ìpín, àwọ̀n gba ìpín, ọkọ̀ náà gba ìpín, àfi bí ẹni pé ọkọ̀ lẹ́nu. Ẹni tó ni ọkọ̀ ló ń bá a jẹ ẹ́. Bí a ṣe bá a nìyẹn.

"Mo rántí," mo ní. "A ó fún un lẹ́ja." Mi ò mọ ohun tí mo ń sọ.

Mo di ẹrù: dígà tí wọ́n fi ń lu yìnyín, ìwọ̀, àwọ̀n, garawa, ìgèrè tí ẹja ń wọ̀ tí kì í lè jáde. Mo tún gbé igbá tí mo fi ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ sí i. Igbá náà bi mí pé kí ni òun ń lọ gbọ́n. Mo ní kó ṣáà jókòó.

Mo wá ń fa àwọ́lẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ kan, mo dúró, mo wo ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ kejì, mo dúró, mo wo ilẹ̀. Àwọn ẹja wà lábẹ́ yìnyín, wọ́n ń tẹ̀lé mi, wọ́n ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Mi ò fẹ́ràn kí wọ́n máa wò mí láti ìsàlẹ̀. Yìnyín náà a máa dún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí àgbàlagbà tó ń ha ọ̀fun.

"Bàbá Nímọ̀!" Ohùn Ìyá Nímọ̀ nìyẹn. "Ṣé ìwọ ló ń bọ̀ bí ìgbín yẹn?"

"Èmi ni o!"

"Ẹsẹ̀ mi ń tutù o!"

"Mo ń bọ̀!"

"Àtàárọ̀ lo ti ń bọ̀!"

Mo wo oòrùn. Ó ti ń wá ibi tí yóò jókòó sí.

Mo tún ẹsẹ̀ gbé. Ni mo bá rí ọ́fíìsì kan tó léfòó lókè. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ èèkàn lórí yìnyín bí ẹni so ẹran. Fáànù ń yí nínú rẹ̀. Ọ̀gá kan yọ orí lójú fèrèsé, táì ọrùn rẹ̀ gùn dé ilẹ̀.

"Dúró níbẹ̀! Kí lò ń fà?"

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́ sà. Àpótí ni sà."

"Ọkọ̀ ni mí," àwọ́lẹ̀ wí.

"Ẹ gbọ́? Ó ní ọkọ̀ lòun. Ọkọ̀ a máa léfòó. Ó yá, kó léfòó ká rí i."

"Ẹ̀yin náà ń léfòó sà, ẹ kì í sì ṣe ọkọ̀."

Mi ò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe bọ́ lẹ́nu mi. Ojú ẹsẹ̀ ni mo dọ̀bálẹ̀. Àyà yìnyín tutù mọ́ àyà mi. Ọ̀gá náà bínú, ó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, àwọn méjì tẹ̀lé e. Ní àtẹ̀gùn òkè, irùngbọ̀n hù. Ní àtẹ̀gùn àárín, ìwo yọ. Nígbà tí wọ́n fi dé ilẹ̀, pátákò ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́.

"Ìwọ ọkùnrin yìí," ni ọ̀gá náà wí, "a ó gbé ọ̀rọ̀ rẹ lọ síwájú àwọn mẹ̀ẹ̀ẹ̀."

"Ẹ má bínú sà."

"Mẹ̀ẹ̀ẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Ẹ ti wí i."

Ó jẹ okùn tí mo fi ń fa àwọ́lẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán. Ó wá yíjú sí okùn tí wọ́n fi so ọ́fíìsì, ó jẹ òun náà. Ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè tòun ti fáànù rẹ̀. Ọ̀gá náà gbójú sókè, ó ń wò ó lọ bí ẹni tí mọ́tò fi sílẹ̀. Mo kí wọn pé ó dàbọ̀. Kò sí okùn mọ́, mo bọ́ sẹ́yìn, mo ń ti àwọ́lẹ̀.

Ibi tí mo ń tẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Mo wolẹ̀, aṣọ ibùsùn wa ni, èyí funfun tí epo ta sí létí. Ibi tó ká pọ̀ lára rẹ̀ ti di òkè. Àwọ́lẹ̀ ń kìlọ̀ fún mi pé, "Rọra o, aṣọ ká níwájú." Mo wá ń rò ó pé Ìyá Nímọ̀ kì í fẹ́ kí ènìyàn wọ bàtà gun orí ibùsùn. Mo bọ́ bàtà mi. Bí mo ṣe bọ́ ọ tán báyìí, mo ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó jókòó sórí ìkòkò tí ó dojú rẹ̀ dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún wà nínú ihò. Ó wo ẹsẹ̀ mi.

"O bọ́ bàtà. O ṣeun. Ṣùgbọ́n o pẹ́."

"Wọ́n dá mi dúró."

"Àwọn wo?"

"Àwọn ewúrẹ́."

"Hẹn-ẹn."

"Yọ ẹsẹ̀ ẹ. Mo ti kó ẹrù dé."

"Kò ṣe é yọ. Ẹnì kan dì í mú."

Mo dojú bolẹ̀, mo yọjú sínú ihò. Ọmọ ọwọ́ kan wà nísàlẹ̀ omi, kò léyín, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ìyàwó mi mú, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ ń hó bọ̀ lókè.

"Ọmọ ta nìyí?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Ọmọ Nímọ̀ ni. Bí mo bá fà á, á sunkún. Bí mi ò bá fà á, ihò ń pa dé. Ìwọ wo ọ̀rọ̀ ọ̀hún."

Yìnyín ti ká a dé ọrùn ẹsẹ̀. Oòrùn ti jókòó tán, ó ń wá irọ̀rí. Mo na garawa sí ọmọ náà, ó kọ̀ ọ́. Mo na ìgèrè sí i, ó wo inú rẹ̀, ó rí i pé ohun tó bá wọ̀ ọ́ kì í jáde, ó kọ̀ ọ́. Ìwọ̀ ńkọ́? Ta ló ń fi ìwọ̀ lé ọmọ lọ́wọ́? Ló bá ku igbá. Mo na igbá. Ọmọ náà jọ̀wọ́ àtàǹpàkò, ó gba igbá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n omi ọ̀sà. Ẹsẹ̀ Ìyá Nímọ̀ jáde, ó dún pọ́ọ̀ bí ìdérí ìgò.

Mo gbé e sínú àwọ́lẹ̀, mo bò ó láṣọ, mo ń tì í bọ̀ wálé. Inú mi ń dùn, ṣùgbọ́n mo ń wo ẹ̀yìn. A dé àárín ọ̀nà, àwọ́lẹ̀ dúró gbọnin.

"A ti dé ibi ìpín," ó wí.

"Etídò là ń pín in."

"Mo fẹ́ tèmi níbí. Kí lẹ pa?"

"A ò pa ẹja kankan."

"Mo gbé nǹkan. Ẹ̀yìn mi ń ro mí, mo mọ̀ pé mo gbé nǹkan. Ohun tí ọkọ̀ bá gbé bọ̀ là ń pín. Pín in sí mẹ́ta."

Mo wo inú rẹ̀. Kò sí nǹkan tí a gbé bọ̀ àfi Ìyá Nímọ̀.

"Ènìyàn mà nìyẹn," ni mo wí.

"Ìwọ lo dí mi. Ìwọ lo sọ mí di ọkọ̀. Ṣé mo bẹ̀ ọ́?"

Yìnyín sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sán bí awo tó ṣubú. Láti etídò mo ń gbọ́ ẹ̀rín Jìmọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gba àpótí mi, kó gba ọkọ̀ mi tòótọ́, kó gba èmi.

Ìyá Nímọ̀ yán. Ó ní, "Ta ló ni ọkọ̀ yìí?"

Àwọ́lẹ̀ sún sẹ́yìn díẹ̀.

"Mo ní pákó ta ni wọ́n fi kàn ọ́?"

Pákó ọ̀tún ló dáhùn, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀: "Tiyín ni, mà."

"Ẹni tó bá ni ọkọ̀ ló ń gba ìpín ọkọ̀. Mo ti gba ìyẹn. Àwọ̀n ńkọ́? Ta ló hun ọ́?"

"Ẹ̀yin ni, mà," ni àwọ̀n wí.

"Mo gba ìyẹn náà. Ó wá ku ìpín kan ṣoṣo, ti ẹni tó lọ sójú ọ̀sà." Ó yíjú sí mi. "Bàbá Nímọ̀, mú tìrẹ. Ibo lo fẹ́ lára mi?"

Gbogbo wọn ń wò mí. Ẹja ń wò mí láti ìsàlẹ̀. Àwọn ewúrẹ́ ti dé, wọ́n dúró ní ìlà, wọ́n ń jẹ àpọ̀jẹ, wọ́n ń wò mí.

Mo rò ó. Bí mo bá mú ẹsẹ̀, kò ní lè lọ. Yìnyín sán. Bí mo bá mú ọwọ́, kí ni yóò fi wẹ ọmọ? Yìnyín tún sán. Bí mo bá mú ẹnu, kò ní lè sọ fún mi láé pé òun ò bọ̀ mọ́. Èyí ni mo rò pẹ́ jù. Omi ti ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ eékún mi.

"Yára o," ni Ìyá Nímọ̀ wí. "Ọmọ yẹn ń gbọ́n omi."

Ohun tí mo fẹ́ kò sí nínú ẹran ara. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gé e. Mo lanu láti sọ bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù wọ ẹnu mi, mo sì jí.

Ilẹ̀ ti mọ́. Mo fọwọ́ wá pákó ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó wà níbẹ̀, kò tẹ̀. Mo fọwọ́ wá Ìyá Nímọ̀, ibi tó sùn sí ti tutù.

Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ó jókòó sílẹ̀, ó tẹ́ ìwé ìròyìn, ó kó ẹja yíyan lé e lórí, ó ń pín in ní òkìtì òkìtì. Ó ń dá sọ̀rọ̀. "Ti Nímọ̀ nìyí. Ti ọkọ Nímọ̀ nìyí. Ti àwọn ará ilé òkè wọn nìyí, kí wọ́n má baà sọ pé a ò mọ ènìyàn." Kò mọ̀ pé mo ti jí. Mi ò mira. Mo ń wò ó.

Nígbà tó pín in tán, mo ní, "Èwo ni tèmi?"

Ó fò sókè. "Há! Bàbá Nímọ̀! Àṣé o ti jí."

"Èwo ni ìpín tèmi?"

"Ìwọ tí ò ń gbé létí omi? Ìwọ lò ń bèèrè ẹja?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá wo ojú mi dáadáa, ẹ̀rín náà tán. Ó mú ẹja kan nínú òkìtì Nímọ̀, ó wò ó, ó dá a padà. Ó mú òmíràn nínú ti àwọn ará òkè, ó gbé e síwájú mi lórí ibùsùn. Kò wò mí.

Mo ní, "Ìyá Nímọ̀, ìgbà wo lo máa dé?"

Ó ń kó ẹja sínú ọ̀rá.

"Àbí o máa dé?"

"Bàbá Nímọ̀."

"Hẹn."

"Bí mo bá dá ọ lóhùn, màá sunkún. Bí mo bá sunkún, ẹja yìí á rin, kò sì ní lè dé ọ̀hún." Ó fi eyín fa okùn ọ̀rá náà le. "Má bi mí ní nǹkan kan mọ́. Mi ò sọ̀rọ̀ mọ́."